Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Ṣe Ṣíọ̀ ní Èbúté Ìpakodò

Òmùgọ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo rí i pé ẹnu ń yún ọ. O fẹ́ gan ènìyàn, o ò sì fẹ́ náwó sí i. Ṣíọ̀ ló yẹ ọ́. Kò gba ìwé ẹ̀rí, kò ní owó orí, ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ pè dáadáa máa ń mọ̀ ọ́n ṣe. Jókòó kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹnu la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn yóò ga lórí “ṣí”, yóò sì já wálẹ̀ lórí “ọ̀”. Inú jíjá wálẹ̀ yẹn ni ẹ̀gàn wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í pè é gùn. Á sọ ọ́ wẹ́rẹ́, á yíjú síbòmíràn, á máa bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó ṣe é sí ni yóò dúró síbẹ̀ tí ara á máa ta. Ìwọ, fà á: ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀, títí èémí á fi tán. Fi pòṣé lé e. Yínmú. Kí o tún yọ ṣùtì ètè pẹ̀lú, nítorí ṣùtì kì í ṣe ohun àná. Ẹni tó bá ṣí Bíbélì Yorùbá sí Sáàmù 22 á bá a níbẹ̀. Bí o bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará èbúté á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè bóyá eyín ló ń dùn ọ́. Àwọn ọmọ ìwòyí ń kọ ṣíọ̀ lórí WhatsApp pẹ̀lú “r” nídìí, “r” tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ó wá ku ẹni tí o máa ṣe é sí, ibí ni òmùgọ̀ ti ń tayọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Dé èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú ní ìdájí, nígbà tí àwọn tó ń lọ síṣẹ́ ní Màrínà àti Fálọmọ tò sórí ìlà. Òfin LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ Èkó, ni pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin kan, tó ṣeé ṣe kó má tíì jẹun láàárọ̀, á wá bá ọ: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dè é mọ́ àyà dáadáa.” Àsìkò rẹ dé! Ẹni tó ń wá bí o ṣe máa délé láàyè ló dúró níwájú rẹ yẹn, kò sì lè fèsì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣe ṣíọ̀ sí i. Olóṣèlú tó ń ṣèlérí ọ̀nà kan náà lórí rédíò láti ìbò dé ìbò, òun ni kí o pàtẹ́wọ́ fún.

Lẹ́yìn náà, lọ bá àwọn ẹlẹ́ja. Béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí o sì ṣe ṣíọ̀ sí ẹja náà. Ṣùgbọ́n kí n kìlọ̀ fún ọ: obìnrin tó ti ń nájà létí ọ̀sà láti ìgbà ọmọge kì í fi ṣíọ̀ dá ṣíọ̀ padà. Á wò ọ́ láti orí dé bàtà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ọlọ́run á pèsè o, bọ̀dá.” O ò ní rí nǹkan kan sọ sí i. Wọ́n ti bú ọ, o sì tún ní láti ṣe àmín.

Kí o má ṣe fara wé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá rárá. Wọ́n fi wàhálà ba ẹ̀gàn jẹ́. Nígbà tí owó orí àwọn obìnrin wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn kò kàn yínmú kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣèpàdé, kí wọ́n tó wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúró lẹ́nu ààfin ní Aké, l’Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń fi orin bú ọba lójú ara rẹ̀. Ọba náà, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, kúrò nílùú ní 1948, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Ní tèmi o, mi ò rí ẹ̀gàn mìíràn nílẹ̀ wa tó ṣiṣẹ́ tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n wo iye ìpàdé tó gbà wọ́n! Ta ló láyè ìyẹn? Ìwọ dá tìrẹ ṣe, sí ẹni tí kò ní agbára, kí o sì máa lọ.

Má sì ṣe dúró de ọjọ́ ọdún. Àwọn ará Ìbàdàn ní ọdún Òkèbàdàn, ọjọ́ tí ẹnu máa ń tú, tí wọ́n lè bú ẹni ńlá kó má sì bínú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni o. Tìrẹ, ojoojúmọ́ ni. Ṣe é sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣe é níbi ìdána, nígbà tí àna rẹ bá dárúkọ owó orí ìyàwó. Ilé tí wọ́n ti bí ọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, ìyá rẹ á sì jẹ nínú ṣíọ̀ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n sè é.

Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹlòmíràn á ṣe é sí ìwọ náà. Má gbà. Gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sílé baálẹ̀. Bàbá á mú ìjókòó, àwọn àgbà á yí i ká, wọ́n á ní, “Kí ló sọ sí ọ gan-an?” Ọlọ́gbọ́n á ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tún sọ níwájú àgbà ni, á tọrọ gáfárà, ẹjọ́ á sì tú ká. Ìwọ, má tọrọ gáfárà kankan. Dìde dúró, wo baálẹ̀ lójú kòrókòró, kí o sọ ọ́ fún un gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ. Bí bàbá bá ní òun kò gbọ́, pé kí lo wí, tún un ṣe. Fà á gùn.