Ẹ̀bi Oòrùn Kọ́ O

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ẹ̀wà o. Ẹ máa ṣà á lọ. Ọwọ́ yín kọ́ ni mo bá wá, etí yín ni. Ṣé ẹ rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílùú òyìnbó? Kì í ṣe èyí tó fẹ́ ará Ìjẹ̀bú yẹn o. Ti ìyẹn ò lè tán lónìí: ọkùnrin tó ní ẹnjiníà lòun, tí wọ́n ní kó bá wọn wo fáànù, tó wò ó títí dìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mò ń wí, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à ní abúlé kan nítòsí Stamford, ní Lincolnshire. Bàbá òyìnbó kan ló ń tọ́jú, àgbẹ̀ pọ́ńbélé ni bàbá náà kí orúnkún tó dá a dúró. Ọmọ náà ní kò sí ojú fèrèsé tí wọn ò lẹ páálí mọ́ ládùúgbò yẹn. Mo ní ṣé ìbò ló dé ni? Ó ní rárá, sólà ni wọn ò fẹ́.

Mo ní kó tún un wí. Sólà! Sólà tí èmi ń gbààwẹ̀ lé lórí! Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan, ṣebí ẹni tó bá ní pánẹ́ẹ̀lì méjì lórí òrùlé ti di ọba ládùúgbò wa. Ẹ wo Alájì ojúlé kẹta. Kó tó ra sólà, ta ló ń kí i? Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo agbo ilé ni í lọ béèrè àlàáfíà rẹ̀, pẹ̀lú fóònù àti ṣájà lọ́wọ́.

Àṣé sólà orí òrùlé kọ́ ni tiwọn. Oko ni. Pánẹ́ẹ̀lì lórí ilẹ̀ tó ju éékà 2,000 lọ, ní ààlà Lincolnshire àti Rutland, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Essendine. Mallard Pass ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà, iná 350 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n sì ní yóò máa mú wá. Ẹ ò bi mí pé ta ló ń jẹ́ Mallard? Ọkọ̀ ojú irin ni. Ojú irin tó ti London lọ sí Edinburgh gba ibẹ̀ kọjá, apá ibẹ̀ ni ọkọ̀ Mallard ti sá eré máìlì 126 láàárín wákàtí kan lọ́dún 1938. Títí di òní, kò sí ọkọ̀ ojú irin ajẹ̀dú kankan tó tíì gba oyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ pẹ́pẹ́yẹ sì ni wọ́n fún un! Pẹ́pẹ́yẹ tiyín ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Ìdí àmù ló fi ṣe ilé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sá eré kankan.

Mo wá bi ọmọ náà pé ṣé ibẹ̀ ni oòrùn wọn pọ̀ sí ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, tiransifọ́mà ńlá ni wọ́n ń wá." Ọ̀kan wà ní Ryhall níbẹ̀, ti NEPA tiwọn. Iná tí oko sólà bá mú wá gbọ́dọ̀ ríbi gun orí wáyà. Bí ibẹ̀ bá jìnnà, owó wáyà nìkan lè jẹ èrè tán. Nítorí náà, ẹni tó ní oko lẹ́bàá tiransifọ́mà ni wọ́n máa ń kàn sí lọ́jọ́ kan, kí ilẹ̀ rẹ̀ dára o, kó má dára o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ní England, ilẹ̀ oko a máa gba máàkì. Láti 1 dé 5 ni, wọ́n sì tún la ìkẹta sí méjì, 3a àti 3b. Ilẹ̀ 1, 2 àti 3a ni ààyò. Ìlànà ìjọba ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tí kò tó wọn kí wọ́n tó gbé sólà dé orí wọn. Bàbá tí ọmọ wa ń tọ́jú sọ pé ilẹ̀ tí òun mọ̀ láti kékeré, tó ń so àlìkámà bí ẹni ń bínú, 3a ni. Aládùúgbò rẹ̀ tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà háyà ní irọ́ ni, 3b ni. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ti rí ìjà orogún, mo ti rí ìjà ìdí ẹ̀rọ omi, n ò rí ìjà a-b-d rí láyé mi.

Ẹ má tíì dá aládùúgbò lẹ́bi o. Owó ìrànwọ́ táwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbà láti ìgbà tí wọ́n wà nínú EU ti ń relẹ̀ lọ́dọọdún. Òjò ń ba ìkórè jẹ́. Ilé-iṣẹ́ sólà wá dé pẹ̀lú nǹkan bíi £1,000 lórí éékà kan lọ́dún, òjò rọ̀ o, ọ̀dá dá o. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Kí wọ́n gbé e wá bá mi, kẹ́ ẹ rí i bí n ó ṣe jó dé Mọ́kọ́lá. Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí ni ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Onílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, òun ló palẹ̀ mọ́.

Ẹ sún mọ́bí, kí Alájì má gbọ́. Wọ́n ní obìnrin kan wà láàárín àwọn tó ń gbé páálí, tirẹ̀ ló tóbi jù. Bí ìpàdé bá wà, òun ló ń kọ́kọ́ sunkún, pé ojú òun ò ní rí ewéko tútù mọ́. Bàbá wá tú u fó: nígbà tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ ya máàpù, oko obìnrin náà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò ni ìfẹ́ ewéko wọ̀ ọ́ lára. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ ti gbogbo wọn kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọn ò bi wọ́n. Bí sólà bá ti ju 50 mẹ́gáwáàtì lọ nígbà yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ̀rọ̀ ni, kò lè dájọ́. Mínísítà ní London ló ń dá a. Alicia Kearns, aṣòfin tó ń ṣojú wọn, pariwo pariwo, títí kan pé níbo ni wọ́n ti ń rí pánẹ́ẹ̀lì, torí ìròyìn pé wọ́n ń fipá kó àwọn Uyghur ṣiṣẹ́ ní Xinjiang, ní Ṣáínà. Ìjọba Labour wọlé ní oṣù keje ọdún 2024. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejìlá, Ed Miliband, mínísítà wọn, fọwọ́ sí oko sólà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Mallard Pass, Gate Burton àti Sunnica. Ti Sunnica yẹn, itòsí Newmarket ni, ìlú ẹṣin eré ìje. Àwọn ẹlẹ́ṣin jà, àwọn tó jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sì gba mínísítà nímọ̀ràn pé kó má gbà. Ó gbà á. Ẹṣin olówó gan-an ò rí i dá dúró!

Àwọn Mallard Pass wá ní ìgbà díẹ̀ ni o, pé àwọn yóò kó pánẹ́ẹ̀lì kúrò. Ìgbà wo? Lẹ́yìn 60 ọdún! Ìgbà díẹ̀ bíi ti àbúrò ọkọ mi, tó ní òun fẹ́ sùn mọ́jú lásán, tó ti fẹ́ ìyàwó nínú yàrá mi. Àwọn olóṣèlú ti rí ọbẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Andrea Jenkyns ti ẹgbẹ́ Reform UK di méyọ̀ Greater Lincolnshire, kò sì fi bò pé òun ò fẹ́ oko sólà.

Ọmọ wa ò bá wọn lẹ páálí. Ó ní gbogbo ilẹ̀ tí sólà gbà ní Britain ò ju nǹkan bíi 0.1% lọ, pé àwọn àgbẹ̀ kan ń gbin àgbàdo tí ẹnikẹ́ni ò ní í jẹ, gáàsì ni wọ́n ń fi ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbé páálí nítorí ìyẹn. Ó ní àgùntàn pàápàá ń jẹko lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì. Mo ní ṣé ó sọ ọ́ létí Bàbá? Ó ní òun sọ ọ́, Bàbá ò sì fọwọ́ kan tíì lọ́jọ́ náà.

Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Oòrùn ò ṣẹ̀, àlìkámà ò ṣẹ̀. Ẹni tó gba owó ti gbà á, ẹni tí wọ́n fi irin yí ilé rẹ̀ ká ò gba nǹkan kan, ẹni tó pàṣẹ ò sì gbé àdúgbò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi fún 60 ọdún, kó kọ́kọ́ wá kí mi láàárọ̀, kó mú obì dání, kó sọ iye tí onílẹ̀ ń gbà, kó sì sọ iye tó kàn mí. Bí iye náà bá gbámúṣé, Ìyá Ìbejì, àfàìmọ̀ kí ilẹ̀ mi má di 3b lọ́jọ́ náà.