Ìwé Ìkọ́ṣẹ́ fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Dá Fíìmù Àtijọ́ Lẹ́jọ́

Kò síṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá. Télọ̀ ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, mẹkáníìkì ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ láìní ọ̀gá: ká jókòó sórí tìmùtìmù nínú ilé ẹni, ká ti kásẹ́ẹ̀tì tàbí DVD fíìmù Hollywood àtijọ́ bọ ẹ̀rọ, ká sì dá a lẹ́jọ́ kó tó parí. Àánú yín ló ṣe mí tí mo fi kọ ìwé yìí. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni. Ẹni tó bá kọ́ ọ yé, èmi fúnra mi ni n ó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un.

Ẹ̀kọ́ Kìíní: Páálí ni kí o kọ́kọ́ wò

Bí ẹni tó gbé e wá bá pẹ́, bí páálí bá ti fọ́ létí, bí ike inú rẹ̀ kò bá tètè jọ̀wọ́ DVD, fíìmù ló ṣẹ̀ ọ́. Fún un ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú pé Alfred Hitchcock kọ́ ló gbé ẹrù náà wá sílé rẹ. Ta ló ní kó máa ṣe fíìmù?

Àbúrò tó wà ní Houston wúlò gan-an nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní kó ra *Psycho* ránṣẹ́ sí ọ n'Íbàdàn. DVD tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nọ́ńbà 1 ló sábà máa ń wà lára rẹ̀; ti Yúróòpù àti Jàpáánì, 2; ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ sí 5. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ló pín ayé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń pín ẹran Iléyá, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ nínú abọ́ aládùúgbò. Ẹ̀rọ rẹ á wo díìsìkì náà, á kọ̀ ọ́. Òmùgọ̀ tí kò tíì gbó á lọ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Ìwọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Fíìmù yìí kò dùn rárá. Kò tilẹ̀ ṣí."

Ẹ̀kọ́ Kejì: Bí kò bá láwọ̀, owó ló tán

Bí o bá rí dúdú àti funfun, ṣàánú wọn. Sọ pé tálákà ni wọ́n láyé ọjọ́un. Bí ẹnìkan bá rán ọ létí pé Hitchcock ti fi àwọ̀ ṣe *Vertigo* ní 1958, tó tún fi ṣe *North by Northwest* ní 1959, kó tó mọ̀ọ́mọ̀ padà sí dúdú àti funfun fún *Psycho* ní 1960, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú ihò omi ní balùwẹ̀ inú *Psycho*, omi ṣokoléètì ni. Ká ní àwọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ̀ pé nǹkan àjẹpọ́nnulá ni. Nígbà tí àwọ̀ kò sí, àgbàlagbà tó wò ó lálẹ́ ń fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sílẹ̀ gbayawu títí ilẹ̀ fi mọ́.

*The Wizard of Oz* ti 1939 ni ìdánwò rẹ. Kansas ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ sì rí bí omi tíì tí kò ní mílíìkì. Pa á ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, kí o dá a padà fún ẹni tó tà á pé ó ti bàjẹ́. Bí o bá gbàgbé pa á, wàhálà dé. Ìjì á gbé ilé Dorothy, á sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ náà á sì lọ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti kun inú ilé yẹn ní àwọ̀ tíì. Ẹlòmíràn tó wọ aṣọ aláwọ̀ tíì ló dúró fún Judy Garland tó ṣe Dorothy, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Ó ṣílẹ̀kùn, àwọ̀ ya wọlé bí ìgbà tí oòrùn là sórí ìsọ̀ aláṣọ ní Gbági. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Garland fúnra rẹ̀ sì jáde nínú aṣọ búlúù. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọ̀dà, aṣọ àti ìmọ̀ ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ rí ìyẹn, ó ṣòro kó tún padà di òmùgọ̀ pátápátá.

Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ fẹ́ kun fíìmù onífíìmù. Ted Turner ra MGM ní 1986, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà da àwọ̀ sára fíìmù lóríṣiríṣi. *Casablanca* pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ó wá kan *Citizen Kane*. Wọ́n yẹ ìwé àdéhùn Orson Welles wò, àṣẹ tí ìwé náà fún un lórí fíìmù rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ọ̀dà gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Welles ti kú láti 1985. Òkú ni, àmọ́ ìwé rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹ̀kọ́ Kẹta: Ìlà dúdú

Ojú sinimá fẹ̀, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sì fẹ́ẹ̀ ga tó bó ṣe fẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe *Ben-Hur* ní 1959, bí àwòrán bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti àbọ̀ ó lé. Bí gbogbo rẹ̀ bá máa wọ inú tẹlifíṣọ̀n, àfi kí ìlà dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀. Bínú! Sọ pé o sanwó tẹlifíṣọ̀n rẹ pé, kí ló dé tí wọ́n fi bo apá kan mọ́lẹ̀? Irú ẹ ló pọ̀ láyé kásẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé ẹ̀gbẹ́ fíìmù dànù kí tẹlifíṣọ̀n lè kún. Kí *Ben-Hur* tó lè kún un bẹ́ẹ̀, ó ju ìdajì àwòrán lọ tó gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ẹṣin mẹ́rin ló ń fa kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú eré ìje tó wà nínú rẹ̀. Méjì á máa sáré nílé rẹ, méjì á wà nílé aládùúgbò.

Tẹlifíṣọ̀n ti wá fẹ̀ báyìí, fíìmù tó ti pẹ́ ju *Ben-Hur* lọ ló kù tí kò fẹ̀ tó o, ìlà dúdú sì ti bọ́ sí ọ̀tún àti òsì. Má gbà fún wọn. Fi rìmóòtù fa *Casablanca* gbòòrò. Humphrey Bogart tó tẹ́ẹ́rẹ́ á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Òṣèrékùnrin yìí sanra jù fún ìfẹ́."

Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Ẹ bá mi yọ kóró rẹ̀

Bí Blu-ray bá mọ́ dáadáa, o máa rí nǹkan wínníwínní tó ń jó lójú àwòrán. Ìdọ̀tí ni, àbí? Kọ ìwé ẹ̀sùn. Kóró fàdákà tó wà nínú fíìmù, tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí, òun ni àwòrán náà gan-an, ṣùgbọ́n kí ló kàn ọ́? Ní kí wọ́n nù ún. Ojú òṣèrébìnrin Ingrid Bergman á wá dán bí ọmọláńgidi, omijé á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò lórí páànù. Ẹni tó ní kí wọ́n yọ kóró kúrò nínú gàrí, omi lásán ni yóò mu.

Ẹ̀kọ́ Karùn-ún: Ó gùn jù

*Gone with the Wind* fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. *The Ten Commandments*, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ṣọdún Àjíǹde láti kékeré, lé ní wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀. Bí o bá rí kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú páálí kan, èkejì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti ń bọ́ lu Íjíbítì, béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé pé, "Kí ni Fáráò ṣe é?"

Èyí tí kò bá gùn ń kọ́? *12 Angry Men* ti 1957 kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì lọ. Ọkùnrin méjìlá jókòó sí yàrá kan, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n pa ọmọ kan tàbí kí wọ́n dá a sílẹ̀. Sọ pé: "Yàrá kan ṣoṣo? Ṣé wọn ò rówó gbalé ni?" Bí iyàn náà ṣe ń gbóná, Sidney Lumet tó darí rẹ̀ ń rọra sọ kámẹ́rà sílẹ̀, títí a fi ń rí àjà tó ń bọ̀ wá bò wọ́n lórí, tí ògiri sì dà bí ẹni ń sún mọ́ra. Bí o bá ń làágùn láìmọ ìdí, NEPA ni kí o bú.

Ẹ̀kọ́ Kẹfà: "Ayé ìgbà yẹn ni"

Nínú *Gone with the Wind*, ẹrú ń rẹ́rìn-ín, olówó ẹrú ni ìtàn sì ń bá kẹ́dùn. Bí ẹnìkan bá sọ bẹ́ẹ̀, dá a lóhùn kíá pé: "Ayé ìgbà yẹn ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò dáa." Má yẹ ìtàn wò o. Bí o bá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá rí i pé láyé ìgbà yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà bẹnu àtẹ́ lù ú, táwọn kan sì gbé pátákó dúró síwájú ilé sinimá. Wàá rí i pé Hattie McDaniel tó ṣe ẹrú tí wọ́n ń pè ní Mammy kò sí níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàfihàn rẹ̀ ní Atlanta ní Oṣù Kejìlá 1939, nítorí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Lálẹ́ ọjọ́ tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní Oṣù Kejì 1940, tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fi í sí, lọ́tọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ibẹ̀ ló ti dìde rìn lọ gba ẹ̀bùn rẹ̀.

Ẹni tó mọ èyí lè gbóríyìn fún McDaniel, kó sì bínú sí fíìmù náà nínú ìjókòó kan ṣoṣo. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n kì í ṣe nǹkan méjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ Keje: Òmùgọ̀ tó kàwé

Má rò pé àwọn tó ń bú fíìmù àtijọ́ nìkan ni mò ń kọ́. Iṣẹ́ wà fún àwọn tó ń yìn ín náà. Ọ̀gá nínú wọn ti ra *Casablanca* ní kásẹ́ẹ̀tì, ó ti rà á ní DVD, ó ti rà á ní Blu-ray, ó sì ti to wọ́n sórí ṣẹ́ẹ̀fù bí àwo ìyàwó. Láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni kò ti wò ó mọ́. Á bú sẹ́rìn-ín, á ní ibi tí Bogart ti sọ pé "Tún un kọ, Sam" lòun fẹ́ràn jù. Kò síbi tí Bogart ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà.

Ìwé ìròyìn *Sight and Sound* ní London máa ń bi àwọn onímọ̀ sinimá ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá pé fíìmù wo ló ta yọ jù. *Citizen Kane* ló wà lókè láti 1962 títí dé 2002. Ní 2012, *Vertigo* gbapò rẹ̀. Ọ̀gá yìí jí lọ́jọ́ kejì, ó rántí pé *Vertigo* lòun ti ń fẹ́ràn látìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Fóònù lọ́wọ́

Ọmọ ọdún 25 ni Orson Welles nígbà tó ń ṣe *Citizen Kane*, tó jáde ní 1941. Kane kú ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu rẹ̀: Rosebud. Oníròyìn kan wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Gbàrà tí oníròyìn bá ti jáde, gbé fóònù rẹ.

Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọdé kan á máa ṣeré nínú yìnyín. Kámẹ́rà á rọra fà sẹ́yìn gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyá ọmọ náà jókòó ti tábìlì, kálàmù lọ́wọ́, ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí yóò fi ọmọ lé báńkà kan lọ́wọ́. Bàbá dúró lápá kejì, ó ń ráhùn. Láàárín wọn, lọ́ọ̀ọ́kán, nínú fèrèsé tó kéré bíi páálí ìṣáná, ọmọ náà ṣì ń pariwo eré, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń parí. Gregg Toland ló di kámẹ́rà mú. Ó jẹ́ kí kálàmù tó wà nítòsí àti ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn mọ́ kedere bákan náà. Ìdí nìyí tí Welles fi gbà kí orúkọ Toland wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú tirẹ̀. Ìyá dìde lọ síbi fèrèsé. Ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tóun ti di ẹrù ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ìwọ, ní gbogbo àkókò yìí, ò ń fèsì fún ẹni tó fi àwòrán ìrẹsì ránṣẹ́ sí ọ.

Bó bá parí, pariwo pé: "Wọn ò tilẹ̀ sọ ìtumọ̀ Rosebud!" Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé e síwájú rẹ ní àlọ, wọ́n tún gbé e síwájú rẹ ní àbọ̀. Ọmọdé kì í mọ oògùn, kó má pè é lẹ́fọ̀ọ́. O ti yege. Lọ múra fíríìdọ́ọ̀mù, kí o pe ẹbí rẹ.

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Má fọwọ́ kan bọ́tìnnì tó ń dá fíìmù padà sẹ́yìn. Bí o bá dá a padà dé ibi yìnyín yẹn, wàá rí i pé nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà lọ, kámẹ́rà kò bá a lọ. Ó dúró ti nǹkan onípákó kan tí ọmọ náà fi ń ṣeré, tó fi sílẹ̀ níta. Yìnyín ń bò ó díẹ̀díẹ̀. Fèrè rélùwéè dún lókèèrè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí o jókòó síbẹ̀, rìmóòtù lọ́wọ́, kí fóònù máa dún kí o má gbé e, kí ẹnu rẹ má sì rí ẹjọ́ kankan dá. Bí irú ẹ̀ bá ṣe ọ́, jọ̀ọ́, dá ìwé mi padà. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é.

Owó ẹ̀kọ́ ni mi ò ní dá padà.