Agbọ̀n Tiwa-n-tiwa

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Ràkúnmí ará Kánò. Ó dá lórí agbọ̀n kan tí kò ní ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí lẹ ó máa gbè é fún mi. Bí mo bá ti dá orin, ẹ ó dáhùn pé "Tiwa-n-tiwa!" Ẹ wí i kí n gbọ́. Ẹ tún un wí. Ó dáa, ohùn yín dùn.

Ní ayé ọjọ́sí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, gbogbo ẹranko ilẹ̀ Rẹ́mọ ló ń ṣe oko obì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọ̀bọ ní tirẹ̀ ní Ìpẹrù. Òkété gbin tirẹ̀ sí ẹ̀yìn Òde Rẹ́mọ, Àgbọ̀nrín sì wà lọ́nà Ògèrè. Ìjàpá nìkan ni kò ní igi obì kan ṣoṣo. Ó ní ohun tó máa ń tó ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà, kó tó so, òun ò lè jókòó tì í. Òun lè máa rìn bí ìgbín lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà náà ti rí tẹ́lẹ̀. Àbàtà la bá nílẹ̀ wa, òun la fi ń bọ òrìṣà, òun la fi ń gbéyàwó. Gbànja aláwẹ́ méjì, tí ará Òkè Ọya ò lè ṣe aláìjẹ, láti ìhà Gold Coast ni wọ́n ti ń kó o wá sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi, kí àwọn àgbẹ̀ Agége tó gbìn ín, kí Rẹ́mọ tó gbà á lọ́wọ́ Agége. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Kánò ní 1912, ọ̀nà obì là. Bàbá bàbá Ràkúnmí tẹ̀lé ọ̀nà náà wá. Nígbà tí obì Rẹ́mọ gbó, Ṣàgámù ló dúró sí. Ó kọ́lé sí Sábò, ó tẹ́ ẹní, ó ní kí wọ́n kó obì wá. Lónìí, kò sí ilẹ̀ tó ń so obì tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá ní òun mọ ọjà obì, tí kò mọ Ṣàgámù, ẹ fún un ní omi mu, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ná an: bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, obì á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wá owó ilé-ìwé. Àgbọ̀nrín ń wá aṣọ ọdún. Òkété jẹ gbèsè. Gbogbo wọn á gbé obì jáde lọ́jọ́ kan náà, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀ bí ẹní já láti orí àjà. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ dé oṣù keje, obì á di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá rí i pa mọ́ títí dìgbà náà, ó ti di ọlọ́rọ̀.

Ìpamọ́ yẹn niṣẹ́. Ẹ bi Yánníbo. Ẹ ó fọ́ apó, ẹ ó rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà, ẹ ó bó o, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ ó ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò. Ẹ ó tẹ́ ewé gbòdògì sínú agbọ̀n, ẹ ó kó o sí i, ẹ ó bò ó. Ẹ ò tíì ṣe tán o. Ẹ ó máa tú u wò lemọ́lemọ́, ẹ ó máa pààrọ̀ ewé, ẹ ó máa yọ èyí tó bá rà, nítorí obì a máa làágùn, obì a sì máa gbóná. Yánníbo a máa pa obì mọ́ títí obì tuntun á fi bá a nílé. Ìjàpá a máa wò ó, a máa hanrun.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá ronú kan igbó, ó ronú kan ọ̀dàn. Ó lọ bá Aláǹtakùn ní etí odò Ìbù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi hun agbọ̀n." Aláǹtakùn hun ún ní òru mẹ́ta. Ó ní, "Ìjàpá, agbọ̀n yìí ò ní ìdí. Bí o bá kọrin pé kó fẹ̀, á fẹ̀. Bí o bá ní kó súnkì, á súnkì. Ṣùgbọ́n orin ẹnìkan ò ràn án. Ó di ìgbà tí èrò bá gbè é."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn ò le. Kí ni èrò tún ń ṣe ju pé kó gbè?"

Ló bá pe ìpàdé sábẹ́ igi ọ̀dán ní Ṣàgámù, ìlú tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ tẹ̀ dó ní 1872, tí ìpàdé ò sì tíì tán níbẹ̀ látìgbà náà. Ó gun orí àpótí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún kòkó? Bọ́ọ̀dù wà fún kòkó títí ìjọba fi tú u ká ní 1986. Ta ló sọ̀rọ̀ fún obì rí?" Wọ́n ní kò sí. Òótọ́ ni, obì ò ní bọ́ọ̀dù kankan rí, ẹnu ẹni tó ń tà àti ẹnu ẹni tó ń rà náà ni bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìjàpá ní, "Ràkúnmí ń rẹ́ yín jẹ nítorí ẹ ò ṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní agbọ̀n kan, ìwọ̀n kan, iye kan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í ṣe alága. Ayékòótọ́ nìkan ló bèèrè pé kí ló dé tí agbọ̀n náà ò ní ìdí. Wọ́n ní kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ gbé obì dé. Ìjàpá ní kó dà á sínú agbọ̀n ẹgbẹ́, bó bá kún, òun á sanwó agbọ̀n kan. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń dà á, Ìjàpá gbẹ́nu lé orin:

Agbọ̀n ẹgbẹ́, fẹ̀ o, fẹ̀ o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Obì dé láti Ìkẹ́nnẹ́, fẹ̀ o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Obì ń bọ̀ láti Ìpẹrù, fẹ̀ o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Ẹni tó ń kà á, ọ̀tá wa ni,
*Tiwa-n-tiwa!*

Orin náà dùn. Ìdí gbogbo wọn ń mì. Ọ̀kẹ́rẹ́ alára ń gbè é, ó ń dà, ó ń gbè. Obì tó yẹ kó kún agbọ̀n mẹ́ta, kò kún agbọ̀n kan. Ìjàpá ka owó agbọ̀n kan fún un, ó gbá a léjìká, ó ní, "Ẹgbẹ́ dúpẹ́." Ọ̀kẹ́rẹ́ délé kó tó mọ̀ pé òun ò tíì rí owó ilé-ìwé san.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Àgbọ̀nrín. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Òkété. Ti Ọ̀bọ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀bọ ò wo ẹnu agbọ̀n, ẹnu Ìjàpá ló ń wò.

Nígbà tí ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀, Ìjàpá tún pe ìpàdé. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ilé-iṣẹ́ ń bọ̀." Ó ní àwọn onímọ̀ ní Ìdí Ayùnrẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn ti wá a rí pé apó obì tí à ń dà nù yìí, a lè fi ṣe oúnjẹ adìẹ, a lè fi ṣe ọṣẹ olómi. Òótọ́ ni wọ́n wá a rí. Ìjàpá kì í pa irọ́ lásán, òótọ́ ló máa ń fi bò ó. Ó ní a ó kọ́ ilé-iṣẹ́ náà síbí. Ọkọ̀ òfurufú ni yóò sì máa gbé ẹrù wa ní pápákọ̀ tó wà láàrin Ìlíṣàn àti Ìpẹrù. Kí olúkúlùkù ṣáà fi igba obì sílẹ̀ lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ìjàpá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àkùkọ kọ. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan sí ojú ọ̀nà, àwòrán Ìjàpá lára rẹ̀, ó dé fìlà. Lẹ́yìn èyí, koríko hù. Ewúrẹ́ jẹ koríko náà títí, ó yó, ó bímọ síbẹ̀. Ní ọdún kejì, Ìjàpá tún gba igba obì lórí agbọ̀n, ó tún fi òkúta ìpìlẹ̀ mìíràn lélẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Òjò pa pátákó títí àwòrán Ìjàpá fi ṣí dànù, ó ku fìlà. Èrò ọkọ̀ tó ń kọjá ní Ṣàgámù máa ń bèèrè pé ṣé wọ́n ń ta fìlà níbẹ̀ ni.

Obì kún ilé Ìjàpá dé àjà. Ó ń dúró de oṣù keje.

Yánníbo ní, "Baálé mi, obì yìí ń gbóná o. Ẹ jẹ́ ká tú u."

Ìjàpá ní, "Ta ni yóò sanwó àwọn tó máa tú u?"

"Ewé rẹ̀ ti gbẹ."

"Ewé tuntun ò wọ́n lọ́jà ni?"

Yánníbo dákẹ́. Ó yọ agbọ̀n kan ṣoṣo sẹ́yìn ààrò, ó ń tọ́jú ìyẹn bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìjàpá ní tirẹ̀ lọ ra ọ̀tá-píápíá, ó wọ́n ọn sórí obì yòókù, ó ní kòkòrò tó bá gbójú, kó wá. Kò mọ̀ pé kòkòrò obì kì í ti ìta wá. Láti oko ló ti wọnú obì, nígbà tí apó là sórí igi tí olóko ò sì tètè ká a. Inú lọ́hùn-ún ni kòkòrò wà, ó ń jẹ, ó ń bí.

Oṣù keje pé. Obì wọ́n bí ojú. Ràkúnmí dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Ìjàpá gbé agbọ̀n jáde, àwọn ẹranko pé jọ, nítorí ó ti ṣèlérí pé èrè ẹgbẹ́ á di pínpín lọ́jọ́ náà. Ó dá orin:

Agbọ̀n ẹgbẹ́, súnkì o, súnkì o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Àlejò dé láti Kánò, súnkì o,
*Tiwa-n-tiwa!*

Ẹ ti gbè é. Àwọn náà gbè é. Agbọ̀n súnkì, ó di bí igbá ẹ̀kọ. Ìjàpá kó ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sí i, ó kún. Ó ní, "Alhájì, owó agbọ̀n kan."

Ràkúnmí wo agbọ̀n. Ó wo Ìjàpá. Kò pariwo, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń ra obì kì í pariwo. Ó mú ẹyọ kan, ó fi èékánná là á. Èérún dà jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó na awẹ́ kan sí Ìjàpá.

"Alága, nílé wa, ẹni tó gbé obì kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

"Alhájì, dókítà ní n má jẹ obì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Wallahi, ìdajì awẹ́ ò ní pa yín."

Ibi tí Ìjàpá ti mọ̀ pé ó lè pa òun nìyẹn. Ó wo ọ̀tún, Àgbọ̀nrín dúró. Ó wo òsì, Òkété dúró. Wọ́n ní, "Bàbá Alága, ẹ bù díẹ̀ jẹ." Ìjàpá bá fò sínú agbọ̀n kó lè sá pa mọ́. Ara rẹ̀ ò tíì wọlé tán tó fi kígbe orin: "Agbọ̀n ẹgbẹ́, fẹ̀ o, fẹ̀ o!"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. (Ẹ̀yin náà, ẹ má gbè é níbí. Ẹ dákẹ́.)

Ó tún dá a. Wọn ò gbè. Ni Ayékòótọ́, tó ti wà lórí igi ọ̀dán látàárọ̀, bá gba orin lẹ́nu rẹ̀:

Agbọ̀n ẹgbẹ́, súnkì o, súnkì o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Alága wà nínú rẹ̀, súnkì o,
*Tiwa-n-tiwa!*
Ìpìlẹ̀ méjì ò sílé, súnkì o,
*Tiwa-n-tiwa!*

Agbọ̀n súnkì. Ó fún Ìjàpá mọ́ra, ó fún un títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ró pàràpàrà. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ojú híhun agbọ̀n ti wà lẹ́yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀. Obì di ìyẹ̀fun. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n dà á sí i, adìẹ ò jẹ́ súnmọ́ ọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún, Òkété bú Ìjàpá àti ìyá tó bí i. Agbọ̀n Yánníbo nìkan ló dá ṣáká. Ràkúnmí là á wò, ó rẹ́rìn-ín, ó bi í ní iye tó fẹ́. Yánníbo pè é, Ràkúnmí ò ná an lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sọ́kọ̀, ó ní àyè tó kù, òun á lọ wá nǹkan kún un níbòmíràn.

Ó wá ku agbọ̀n aláìnídìí. Àgbọ̀nrín ní kí wọ́n dáná sun ún. Ọ̀bọ dìde, ó tún bùbá rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ má ṣe é. Agbọ̀n ò ṣẹ̀, ẹni tó gbé e ló ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi títí a ó fi yan alága tuntun. Ilé-iṣẹ́ wa náà ò sì gbọdọ̀ kú, ìpìlẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀ ná." Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni Ọ̀bọ sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lóru ọjọ́ náà, Ayékòótọ́ gbọ́ tí wọ́n ń kan igi ọ̀dán. Ó yọjú. Ọ̀bọ ló wà nísàlẹ̀, agbọ̀n lábíyá.

"Àbúrò mi, má bínú, ilẹ̀ ti ṣú. Orin àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó máa ń mú un fẹ̀, báwo ni ìlà kẹta rẹ̀ ti lọ?"