Ẹ̀yìn Tó Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Àwọn àgbà Kétu sọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn. Ta ni ì bá tilẹ̀ rò ó? Ta ni ì bá rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ènìyàn yóò wọ ọkọ̀ ní Kútọnù, yóò gba Àjàṣẹ́, yóò gba Sakété àti Pobè dé Kétu, yóò fi èjìká gbún àwọn èèyàn títí yóò fi dé iwájú agbo, yóò wá kọ ẹ̀yìn sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, yóò na fóònù sókè, yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀? Ojú rẹ̀ rí fóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ẹ̀yìn bá wá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ló dópin?

Ọmọ Kétu ni èmi tó ń kọ̀wé yìí. Fíìmù àti iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń kọ́ ní Kútọnù. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀, bí a ṣe ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀, bí a ṣe ń rán àwòrán kan mọ́ òmíràn tí ojú ìrán rẹ̀ kò fi ní hàn. Wọ́n tún kọ́ wa bí a ṣe ń kó èrò jọ sórí Facebook, TikTok àti WhatsApp, nítorí wọ́n ní fíìmù tí kò bá ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbíkú ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ló sọ èyí tó wọ̀ mí létí jù: kí o tó ya nǹkan, kọ́kọ́ wò ó. Màmá mi, tí kò tíì di kámẹ́rà mú rí láyé rẹ̀, ti ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré, kò sì gba fránkì kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lẹ́yìn ìkórè la máa ń ṣe é, a sì tún ń ṣe é bí àgbà bá kú, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Àwọn ìyá wa la fi ń tù, àwọn tí ayé wà lọ́wọ́ wọn, tí a kì í fẹnu lásán dárúkọ. Kí akọrin tó jáde lóru, àwọn kan máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ agbo. Àràbí Ajígbálẹ̀ yóò gbálẹ̀. Agbéná yóò ru iná wọlé. Lẹ́yìn náà ni Àpàná, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí gbogbo iná kú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán ni Tètèdé yóò dé, yóò pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn ni yóò sì kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àpàná ti di aláìníṣẹ́ báyìí. Ó pa iná ẹlẹ́ńtíríìkì, ó pa àtùpà àwọn ìyá onígúgúrú. Ó kọjú sí èrò, ó bá igba fóònù tó ń tàn yanran. Iná fóònù kò mọ Àpàná, kò sí ẹni tó ṣètùtù fún un. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó tan tirẹ̀ sí Àpàná gan-an lójú, kí àwòrán lè mọ́ dáadáa. Ó tan iná sí panápaná kí ó lè rí bí ó ṣe ń paná! Bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ojú kò bá rí nǹkan wò, etí á là, ohun tí akọrin ń wí á sì wọlé. Ohun gbígbọ́ ni Ẹ̀fẹ̀ kó tó jẹ́ ohun wíwò; èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ni mo wí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n ṣe fíìmù lórí òru Ẹ̀fẹ̀, dúdú ni n ó fi ojú àwòrán sílẹ̀ sí, kí òǹwòran jókòó sínú òkùnkùn, kó gbọ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò tẹ «j'aime» sí òkùnkùn.

Lọ́sàn-án ni àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde ní méjì-méjì. Gèlè àti ìborùn tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé ni wọ́n fi ń múra. Igi tí wọ́n gbẹ́ wà lórí wọn: ojú ènìyàn nísàlẹ̀, tó tutù, tó dákẹ́, òkè orí ni agbẹ́gilére ti ń sọ èyí tó wù ú. O lè rí ejò tó ń bá ẹyẹ jà níbẹ̀, o lè rí ọkùnrin orí alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ òfurufú. Àwọn agbẹ́gilére wa kò sá fún ohun tuntun rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé fóònù lé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́la, kò ní yà mí lẹ́nu. Irú ẹni tí yóò gbẹ́ sídìí fóònù náà ni mò ń retí.

Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹ má gbàgbé. Onílù á pa òwe, oníjó á fi ẹsẹ̀ sọ òwe náà tẹ̀ lé e láìfi ìró kan sílẹ̀, ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wí ohun tí ìlù ń wí. Ibi tí òwe bá parí sí ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti ń dá ọmọ tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ lára ẹni tó kàn ń fò. Ẹ wá wo ohun tí fídíò ṣe fún un. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n yọ ohùn ìlù kúrò, wọ́n fi amapiano láti Gúúsù Áfíríkà dí àyè rẹ̀. Oníjó ń fi ẹsẹ̀ pa òwe Kétu, orin Johannesburg ń dá a lóhùn, àwọn tó ń wò ó sì ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, «Ó mọ̀ ọ́n jó!» Kí ni wọ́n fi mọ̀?

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé Facebook ni Ẹ̀fẹ̀ ayé òde òní. Wọ́n ní níbẹ̀ náà la ti ń tú àṣírí olè, níbẹ̀ ni mẹ̀kúnnù ti ń rí ẹnu bá olówó wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Lóòótọ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa búni. Ó lè bú ìjòyè, ó lè bú ọkọ tó ń na ìyàwó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kó tó lanu, ó ti júbà. Ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àgbà, ó júbà àwọn tó kọrin ṣáájú rẹ̀. Ó ti jókòó kọ́ orin náà pẹ̀lú àwọn elégbè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìlú mọ̀ ọ́n. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe Egúngún. Orí ni igi rẹ̀ wà, aṣọ fẹ́lẹ́ ló bò ó lójú, a mọ ẹni tó wà níbẹ̀, a mọ agbolé rẹ̀, a mọ ìyá tó bí i. Bí ó bá parọ́ mọ́ ènìyàn lóru, yóò pàdé onítọ̀hún lọ́jà láàárọ̀. Ẹni tó bú mi lórí fóònù lọ́jọ́sí ńkọ́, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, tó fi àwòrán kìnnìún bojú? Níbo ni agbolé tirẹ̀? Ìbà ta ló jú kó tó lanu? Ẹni tó bojú tó ń búni, tí a kò sì mọ ilé rẹ̀, Kétu ní orúkọ tó ń pe irú wọn. Akọrin kọ́ lorúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kámẹ́rà. Àwọn kan ti wà rí tí wọ́n ń wá a lójú méjèèjì tí wọn kò ráyè lò ó. Ní 1934, ìjọba Faransé ṣe òfin tí a mọ̀ sí òfin Laval: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn láìgba àṣẹ gómìnà. Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1925, lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù IDHEC ní Paris. Nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ó ya ilẹ̀ baba rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjú kámẹ́rà sí Paris fúnra rẹ̀. Afrique-sur-Seine ni wọ́n pe fíìmù náà, 1955, ìṣẹ́jú 21 péré. Kò sí ẹni tó lè kọ ìtàn fíìmù Áfíríkà kó fò ó. Nílé níbí ní Bẹ̀nẹ̀, ó di 1974 kí Pascal Abikanlou tó gbé fíìmù gígùn àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè yìí jáde. Ọlọ́hun gbọ́, àwọn baba wọ̀nyí jìyà kí wọ́n tó rí nǹkan wò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ya odidi ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò tíì padà wò ó dòní. Ó ní fóònù òun ti kún, òun máa tó pa á rẹ́.

N kò sọ pé ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lágbára o. Ní 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé owó orí fránkì 5 lé mẹ́gá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Forfait íntánẹ́ẹ̀tì gbówó lórí. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, wọ́n kọ #TaxePasMesMo káàkiri, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan mẹ́gá àwọn. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ìjọba ti fagi lé e. Inú mi dùn sí i. Mo kàn ń wòye pé owó ilé-ìwòsàn wà níbẹ̀, ọ̀nà oko tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tó fárígá fún wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019, ọjọ́ tí a dìbò yan àwọn aṣòfin, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àpàná rèé! Ohun tí Àpàná Kétu kò rí ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ìjọba ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan láìru igi. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀: Àpàná Kétu ń paná kí ohùn lè jáde.

Ní oṣù Kejì 2024, fíìmù Dahomey tí Mati Diop ṣe gba ẹ̀bùn Béárì Wúrà ní àjọ̀dún fíìmù Berlin. Ìtàn àwọn dúkìá 26 tí Faransé dá padà fún wa ní oṣù Kọkànlá 2021 ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwòrán béárì kún gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà. «A ti gbà á!» ni wọ́n ń kọ, fún fíìmù tí kò tíì dé Kútọnù nígbà náà. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé obìnrin náà fi ojú àwòrán sílẹ̀ ní dúdú láwọn ibì kan, tí ère ọba Gezo ń fi èdè Fọ̀n sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn. Mo ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé òkùnkùn gba béárì. Wọ́n fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ fún ọmọ Kétu tó bá lajú sílẹ̀. Ère Glèlè, ọba Dahomey, wà lára àwọn dúkìá náà. Ọmọ ogun Glèlè kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ará wa nígbèkùn lọ, tí ìlú dahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ Kétu tẹ ọkàn pupa sí àwòrán ère yìí bí ẹni tí ọkọ àfẹ́sọ́nà dé fún. N kò ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ogún ni, ó sì dára tó padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú wo ère yẹn dípò àtàǹpàkò, yóò dúró díẹ̀ kó tó tẹ nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Kétu kan wà tí èmi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará wa tó wà ní Libreville, ní Paris, ní Èkó. Bí fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wọlé, ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní àárò ilé ń sọ òun. Ẹnì kan á ní ti Ìmẹ̀kọ ju ti wa lọ, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní òun ti gba Jésù, kí wọ́n má fi òrìṣà ránṣẹ́ sóun mọ́. Ó sì ti wò ó tán, nítorí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ní awọ ìlù ti fà ya, bí agbẹ́gilére bá ní òun fẹ́ ra igi, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Àmì búlúù méjì nìkan lẹ ó rí, pé gbogbo wọn ti kà á. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ayé ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìwé yẹn kò ra awọ ìlù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, mo bẹ̀ yín. Níparí fíìmù, orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la máa ń kọ, títí kan ẹni tó se oúnjẹ. Ẹ bi onílù lórúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ oníjó, orúkọ ẹni tó gbẹ́ igi, orúkọ obìnrin tó yá wọn ní gèlè. Ẹ lọ bá Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bi í bóyá ohun tí ẹ yà ṣeé fi hàn. Ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn nínú owó tí fídíò bá pa. Bí èyí bá pọ̀ jù fún yín, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó, ẹ wò ó. Ọ̀fẹ́ ni.