Físà Gbèsè

Bí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ lọ gba mástà nílùú Ọba, inú lẹ́tà tó ń kọ sí fásitì ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. "Láti kékeré ni ìmọ̀ ìṣàkóso ọjà ti wù mí." Ọmọ kékeré wo nìyẹn? Fásitì tí owó rẹ̀ kéré jù ló yan kọ́ọ̀sì fún un. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìfẹ́ tó dé.

Ó tún ku Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn fásitì kan gba èsì WAEC, àwọn mìíràn ní àfi IELTS dandan. Èdè tí olùkọ́ torí rẹ̀ nà wá pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì, a tún ń sanwó kí wọ́n tó gbà pé a gbọ́ ọ. Ọdún 2 péré ni èsì IELTS sì ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ti kan nìyẹn.

Èyí tó wá lé téńté ni owó tó gbọdọ̀ sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láì dín kí èèyàn tó bèèrè físà. Owó àǹtí, owó àjọ, owó ilẹ̀ bàbá, gbogbo wọn á péjọ síbẹ̀. Mílíọ̀nù ń dán lójú fóònù, gàárì ni olówó ń mu.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mástà kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ dání lọ mọ́. Gbèsè nìkan ni kò nílò físà: ó ti jókòó sínú bàlúù kí onígbèsè tó dé pápákọ̀.