Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ilẹ̀ Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù. Òkè ni wọ́n gbójú sí nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ẹyẹ máa bà sí. Ẹyẹ náà ò sì bínú, torí ẹ̀ka igi ò bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí ìyókù òwe náà ń bá wí ni baálé ilé tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lóru, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó sọ ara rẹ̀ di awakọ̀ bàálù ogun Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run tó o. Ibi tí yóò bà sí ni kò tó.

Ẹ má rò pé irú eré tí àwọn ọmọdé ti ń yìnbọn, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n tún ń jí ni mò ń wí. DCS World lorúkọ eré ọ̀hún, ilé iṣẹ́ Eagle Dynamics ló ṣe é. Láti ọdún 2018 ni bàálù F/A-18C Hornet ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì to bọ́tìnì inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ojúlówó. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni kọjá ojú ewé 300. Ọkùnrin tó ra jẹnẹrétọ̀ láìpẹ́ yìí, tí kò tíì ṣí ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá, òun náà ló ń fi bírò fa ìlà sídìí ọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ó ra ọ̀pá ìdarí, ó ra ọ̀pá tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ó ra èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ra awò ràgàjì tí wọ́n ń dè mójú. Gbogbo ìnáwó yìí, kí bàálù tí kò sí lè bà lé ọkọ̀ tí kò sí, lórí òkun tí kò lè ta sí ẹnikẹ́ni ní sálúbàtà.

Yíyìnbọn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ bí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù, tí yóò máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Fídíò ìgbà tó ń darí bọ̀ wálé ni ẹnikẹ́ni ò rí gbà. Ilé ọ̀hún ni ọkọ̀ ogun ojú omi tó ń gbé bàálù, irú USS Theodore Roosevelt. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 330, àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń bà sí. Ọ̀nà ìbàlẹ̀ yà sápá òsì, bí ọkọ̀ sì ti ń lọ síwájú ni ọ̀nà náà ń sá sápá ọ̀tún mọ́ awakọ̀ lójú. Okùn irin mẹ́rin ló dábùú ọ̀nà ọ̀hún. Ìkọ́ tó wà nídìí bàálù gbọ́dọ̀ há sí ọ̀kan. Ìkẹta ni gbogbo wọn ń lé. Eré bíi kìlómítà 250 ní wákàtí kan ni bàálù ń sá bọ̀, okùn yóò sì mú un dúró láàárín nǹkan bíi mítà 100.

Èyí tó wá le jù ni pé bí táyà bá ti kan ọkọ̀, agbára kíkún ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Bí ìkọ́ bá tàsé okùn, òfurufú ni yóò tún gbà lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi ni. Ẹni tó ti ń tẹ búréèkì láti ọjọ́ tó ti mọ mọ́tò wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu níbẹ̀.

Ìbàlẹ̀ ti ń fa wàhálà tipẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1911, Eugene Ely bà lé ọkọ̀ USS Pennsylvania ní San Francisco. Okùn tí wọ́n so mọ́ àpò iyanrìn ló dá bàálù rẹ̀ dúró, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló sì fi kọ́ra nítorí omi. Bàálù irọ́ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ní 1929, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe dùùrù, fi ẹwìrì dùùrù ṣe bàálù tí kò lè kúrò nílẹ̀, kí ènìyàn lè fi kọ́ṣẹ́. Àwọn ibi ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ ń rà á; àwọn ológun ò tètè dá a lóhùn. Ní 1934, wọ́n ní kí àwọn ológun máa fi bàálù kó lẹ́tà, ojú ọjọ́ tí kò dára sì pa lára àwọn awakọ̀ wọn. Ìgbà náà ni wọ́n ra mẹ́fà lọ́wọ́ Link. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín pé eré lásán ni, ibi tí ẹ̀rín wà kọ́ ló ń wò.

Ẹ̀rín wà lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó dúró sí ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní LSO. Iná kan wà lápá òsì ọ̀nà ìbàlẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀: bí iná náà bá ga ju ìlà iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ti ga jù, bó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, o ti rẹlẹ̀, bó bá pọ́n, ìdí ọkọ̀ lo fẹ́ lọ forí sọ. LSO náà ń wo bí bàálù ṣe ń bọ̀. Bó bá ní kó yà, yíyà ni. Bí awakọ̀ bá bàlẹ̀ tán, LSO yóò fún un ní máàkì. Èyí tó dára gan-an, "OK" péré ló ń gbà. Kò sí àtẹ́wọ́, kò sí oríkì. Ní 2020 ni wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá náà àti àwọn òṣìṣẹ́ orí rẹ̀ wọnú eré yìí.

Ẹ wá wo baálé wa. Ọ̀gá ò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé iṣẹ́ tó ṣe kò já gaara. Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá dá a dúró, "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" ló máa kọ́kọ́ bi í. Ó pẹ́ dé òde àríyá, wọ́n sì dìde fún un níwájú. Àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn, ohùn tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, yóò sọ fún un pé: o ga jù, o yára jù, o já wálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí máàkì. Kò ní bínú. Yóò mí kanlẹ̀, yóò gbé bàálù padà sókè, títí àkùkọ yóò fi kọ.

Kí ló dé? Ẹni inú ẹ̀rọ ò mọ oyè, kò mọ ìlú ẹni, kò gba owó ọtí, a ò sì lè rán ẹ̀gbọ́n lọ bá a. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní máàkì láyé gidi la ti mọ ẹni tí a máa bẹ̀. Ó wá ku ibi kan ṣoṣo tí ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀, inú ayédèrú, ibẹ̀ la sì ń sanwó wọ̀ kí wọ́n lè sọ òótọ́ fún wa.

Ẹ̀yin abilékọ tí ọkọ yín wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ìmọ̀ràn mi ò gùn. Ẹ yéé fẹnu sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un. LSO kì í ro ẹjọ́. Ó ń kọ ọ́ ní kúkúrú ni, bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fa bébà kékeré ya, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀: "Owó ilé ìwé. Ìlérí ga níbẹ̀rẹ̀. Ó rẹlẹ̀ láàárín. Ó pòórá lẹ́nu ọ̀nà. Ìkọ́ ò há sí okùn kankan. Kò sí máàkì. Yí i po, kó o tún bọ̀." Yóò kà á lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì béèrè ibi tó ti ṣì í. Bó bá fẹ́ bínú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́.