Àfojúbà Kò Tó Ìròyìn Mọ́

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn á wọ mọ́tò ní Ajah, á gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, á dúró níwájú omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, á wá ká ọwọ́ lérí pé: "Ṣé òun náà nìyí? Ti orí fóònù mà dùn-ún wò ju èyí lọ." Lọ́dọ̀ tiwa ní Lekki, òwe ti dorí kodò. Àfojúbà ni kò tó ìròyìn mọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan ará Lekki kan omi àpáta. Ilẹ̀ tí à ń gbé, iyanrìn ni, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ láàárín òkun àti ọ̀sà. Láti tólùgéètì títí dé Ajah, kò sí òkè kan tí omi lè ti orí rẹ̀ já bọ́. Ìsàlẹ̀ ni omi tiwa ń gbà wá. Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Tiwa kì í kọjá lóòótọ́, inú pálọ̀ ló ń yà sí. Ẹni tó bá wà níhìn-ín ní oṣù Keje ọdún 2017 á rántí ìgbà tí títì di odò. Àwa tí omi ti ń bá nílé yìí náà la tún ń sanwó ọkọ̀ lọ wo omi lókèèrè. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Omi tó ń já sàn ju omi tó wọlé tí kò fẹ́ jáde.

Àwọn tí kò lè rìn jìnnà ti wá nǹkan ṣe sí i. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ́síteètì àti gbọ̀ngàn àríyá, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì mọ àpáta, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi gun orí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, odò gbẹ nìyẹn, ó di ìgbà tí ẹnì kan bá lọ tan jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀ wọ́n á yà á ní fọ́tò. Tó bá di alẹ́, kọ̀ǹpútà á pa sìmẹ́ǹtì rẹ́, igbó á hù yí i ká, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn lọ sinmi nínú iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run.

Bẹ́ẹ̀ igbó gidi ò jìnnà sí wa. Lekki Conservation Centre tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó dojú kọ ọ́fíìsì Chevron. Hẹ́kítà 78 ni. Ní 2015, wọ́n ṣí afárá ìrìn tí wọ́n so sókè láàárín igi níbẹ̀, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Àbàtà ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi rẹ̀ sì dúdú nítorí ewé tó ń jẹrà sínú rẹ̀. Bí omi inú igbó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ wá wo fọ́tò tí àwọn àlejò ń gbé jáde: omi ti di búlúù tó ń dán. Ọ̀nì tó ń gbé inú rẹ̀ pàápàá kò ní dá ilé rẹ̀ mọ̀.

Ká má parọ́ mọ́ àtúnṣe fọ́tò ṣá. Kámẹ́rà ò ríran tó ojú èèyàn. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, omi tó ń já sì funfun báláú. Ojú wa ń rí méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni kámẹ́rà máa ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá gbọ́ ti igbó, omi á jó di funfun lásán. Bó bá gbọ́ ti omi, igbó á ṣú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ń lọ láàárọ̀ kùtù tàbí nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn, tó ń gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó sì ń yà á ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní RAW, kí ohun tó sá pamọ́ sínú òkùnkùn lè ṣeé fà jáde bó bá délé. Ó ní gíláàsì tó máa ń dè mọ́ lẹ́ǹsì kí ewé tútù má baà máa kọ mànà. Bó bá fẹ́ kí omi rọ̀ bí òwú, á jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, á dín funfun omi kù, á tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ igi. Kò sí irọ́ níbẹ̀; ó kàn ran kámẹ́rà lọ́wọ́ kó lè bá ojú dọ́gba ni. Ansel Adams ará Amẹ́ríkà, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí fọ́tò òkè àti igbó, kì í kánjú kúrò nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Á mú ibì kan ṣú, á mú ibòmíì mọ́lẹ̀.

Àwọn ayàfọ́tò tiwa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Stephen Sprague, tó kọ̀wé nípa wọn ní 1978 lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan ti kú. Èyí tó kù ni wọ́n á yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó ti ara wọn. Bí ẹni tó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ta ni wọ́n tàn jẹ? Gbogbo agbo ilé ló mọ ẹni tó kú. Ìkẹ́ ìbejì ni wọ́n fi ṣe.

Tiwa ńkọ́? Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò ní Ajah nígbà tí àǹtí kan wọlé, ó na fóònù sí ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Omi Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ni, òun alára dúró níwájú, èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rẹpẹtẹ.

"Kó gbogbo àwọn èèyàn yẹn kúrò."

Wọ́n lọ. Ó ku apá ọmọdé kan tó di òkúta mú. Apá náà lọ.

"Omi yẹn kéré. Bù sí i."

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀rùn lẹ lọ. Omi máa ń fà nígbà yẹn."

"Ṣé àwọn tó máa wò ó bá mi lọ ni?"

Omi kún.

"Fi òṣùmàrè sí i."

Ọmọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè. "Àǹtí, oòrùn ló wà lókè fọ́tò yín yìí. Òṣùmàrè kì í yọ lápá ibi tí oòrùn wà. Ẹ̀yìn ẹni tó ń wò ó ni oòrùn máa ń wà."

"Ta ló ń sanwó fún ẹ, èmi àbí oòrùn?"

Òṣùmàrè yọ. Àǹtí gbé e sí status lójú ẹsẹ̀. Kó tó dìde, ẹnì kan ti bi í pé ibo nìyẹn, ó ní Ọ̀ṣun ni. Ẹni tó béèrè yẹn náà á lọ. Á débẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, á bá èrò, á bá omi níwọ̀n, kò ní rí òṣùmàrè kankan, á sì padà wá sọ fún wa pé wọ́n ti ba ibẹ̀ jẹ́.

Nígbà kan, irọ́ fọ́tò ń gba òógùn. Ọ̀lẹ ò lè ṣe é. Ní 2021 Google fi ohun tó ń pa èèyàn rẹ́ sínú fóònù Pixel. Ní 2023 Adobe fi èyí tó ń dá ohun tí kò sí sínú Photoshop: kọ "omi" síbẹ̀, omi á dé. Ẹni tó há sínú gosiló Sangotedo lè ti ibẹ̀ lọ sí orí àpáta báyìí láì sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó.

Ṣùgbọ́n omi gidi ní ìtàn tirẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń sọ ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, Akinlà, obìnrin kan nínú ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà, tí wọ́n ń pè ní Ọlúmirìn. Ìpele méje ló ní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ kò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún ojú.

Ẹ̀yin ayàfọ́tò, ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, ẹ tún àwọ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu omi kún omi, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ bá Ọlúmirìn nígbà tó bá kún, oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ni kí ẹ lọ, ẹ má lọ ní oṣù Kejì. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, àpáta ibẹ̀ ń yọ̀.